Ẹrù Tí Kò Lórúkọ Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Ẹdẹ tí yàrá kan nínú wọn ti di ti ẹrù pátápátá. Àwọn onílé kì í sùn níbẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í fẹ́ kí àlejò rí i. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn ìta, ọmọdé á ti sáré lọ fa ilẹ̀kùn yàrá náà dé. Ìbáà ṣe ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sápá Akódà, ìbáà ṣe agbo ilé àtijọ́ tí kò jìnnà sí ààfin Tìmì, ohun tó wà nínú yàrá yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: àpò ìrẹsì tí wọ́n ki aṣọ bọ̀ títí ó fi yọ ikùn, kúlà tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, tẹlifíṣàn ẹlẹ́yìn gàǹgà tí kò sọ̀rọ̀ mọ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ti dákẹ́, ìwé iléèwé àwọn ọmọ tó ti relé ọkọ, bọ́kìsì onírin ìyá àgbà, àti ike lóríṣiríṣi.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà irú yàrá bẹ́ẹ̀, tó wò ó yíká, tí agara dá a kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, tó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn ará ilé lè máa pè é ní ọ̀lẹ tàbí ọ̀bùn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń jí ṣáájú ìrun Àsùbá, tó ń dáná, tó ń múra fọ́mọ, tó ń lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́, tó sì tún ń bọ̀ wá dáná alẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú, tí kò tíì lè ṣí wọ́díróòbù obìnrin náà láti ìgbà yẹn, kì í ṣe ọ̀bùn. Ohun tó ń di irú àwọn èèyàn báyìí lọ́wọ́ wà nínú ẹrù yẹn fúnra rẹ̀. Bí a bá mọ̀ ọ́n, a ó mọ ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹrù tó kún ilé máa ń wọ èèyàn lára ní tòótọ́. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ méjì, Darby Saxbe àti Rena Repetti, gbé ìwádìí jáde nípa àwọn tọkọtaya tó ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń tọ́mọ ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ní kí oníkálukú gbé kámẹ́rà káàkiri inú ilé rẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń rí. Wọ́n tún ń yẹ itọ́ ẹnu wọn wò láàárọ̀ títí dalẹ́, kí wọ́n lè mọ ìwọ̀n kọ́tísọ́ọ̀lù, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìdààmú. Ó yẹ kí èròjà yìí máa lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Lára àwọn obìnrin tó ń sọ pé ilé àwọn há, pé ó dàrú, pé iṣẹ́ rẹ̀ kò parí, kò lọ sílẹ̀ bó ti yẹ. Wọ́n délé, ara wọn kò délé. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìlera ni ọ̀rọ̀ yàrá yẹn, kì í ṣe fáàrí.

Kí ló kó ẹrù jọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Ìrírí ni àkọ́kọ́. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo lọ́dún 1907 ni abọ́ tánganran àti bọ́kìsì onírin ti ń wọ̀lú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹni tó bá sì rí wọn rà a máa tọ́jú wọn fún ọmọ. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn òbí wa tò lórí ìlà nítorí mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì àti ọṣẹ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, tí ìjọba Babangida gbé dé lọ́dún 1986 dá náírà dùbúlẹ̀, ohun tí wọ́n ń rà ní tuntun tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí wọ́n ń wá ní tòkunbọ̀. Agolo mílíìkì di òṣùwọ̀n, agolo Bournvita di ibi tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí náírà tún já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọmọ wọn rí irú rẹ̀ lójú ara wọn: ohun tí èèyàn bá sọnù lónìí, ó lè má rí owó rẹ̀ lọ́la. Ìyá tó bá wá sọ pé, "Ẹ má jù ú nù, yóò wúlò lọ́jọ́ kan," kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ palẹ̀ ilé mọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gàn sí ìyá yẹn, yóò ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Òde ni èkejì. Ẹdẹ kò kẹ̀rẹ̀ lóde ṣíṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, wòlímọ̀, ìwúyè, ọjọ́ ìbí àgbàlagbà, ìṣílé. Kò sì sí òde tí wọn kì í ti í pín nǹkan: abọ́ ike, tíréè, ife, táwẹ́ẹ̀lì, agbọ̀n, kàlẹ́ńdà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti àwòrán ẹni tó ni òde. Aṣọ ẹbí wà lọ́tọ̀, àǹkárá lóṣù yìí, léèsì lóṣù tó ń bọ̀, gèlè tó bá a mu, èyí tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n sì ká sínú àpò. Nínú ilé tí ìyá ilé bá jẹ́ èèyàn àwọn èèyàn, tó ń bá wọn dé òde gbogbo, ẹrù òde nìkan lè kún kọ́bọ́ọ̀dù méjì.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá wọ yàrá yẹn, tí ẹ mú ohun àkọ́kọ́ tọ́wọ́ yín bà. Ife ni, orúkọ àǹtí yín tó ṣe ọgọ́ta ọdún ló wà lára rẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀. Aṣọ ni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ló yan án, ó lè bèèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé e kalẹ̀. Bàtà ni, ti bàbá tó ti lọ. Ẹ jókòó. Wákàtí kan á ti lọ, nǹkan kan kò ní tíì kúrò nílẹ̀, àyà yín á sì ti wúwo. Iṣẹ́ apá kọ́ ló rẹ̀ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ń ṣe bí baálé tó jókòó dá ẹjọ́ láàárín àwọn èèyàn tí kò sí níwájú rẹ̀, ẹjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, láìsí ìgbìmọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí irú iṣẹ́ yẹn kò ní dá lágara.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ẹrù tí kò lórúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹrù tó jẹ́ pé bó bá kúrò nílé, kò sí alààyè tàbí òkú tí yóò bèèrè rẹ̀. Ó pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ọ̀rá tí wọ́n so rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Páálí fóònù. Agolo tó ti dípẹtà. Wáyà tí fóònù rẹ̀ ti sọnù lọ́dún gbọ̀ọ́rọ̀. Bírò tó ti gbẹ, bàtà ẹsẹ̀ kan, ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán, abọ́ ike tó ti sán, gàrí tí kòkòrò ti wọ̀, oògùn tí ọjọ́ ara páálí rẹ̀ ti kọjá. Kò sí ẹjọ́ kankan láti dá lórí wọn. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń fẹ́.

Ẹ mú àpò ìrẹsì kan tó ṣófo, ẹ yan ibi kan tí ojú yín ń rí lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí yàrá ẹrù náà sinmi ná. Èrò tèmi ni pé ìdáná tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti pòrúurùu, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí èrè iṣẹ́ yín lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì: ẹsẹ̀ á rọ́nà gbà, ìkòkò á ríbi jókòó. Bí ẹ bá fi yàrá ẹrù bẹ̀rẹ̀, ẹ lè ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú kí ẹni tó yọjú sí i má mọ̀ pé ẹnìkan wọbẹ̀. Àkókò náà gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ẹni tó ń kírun lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Aláásárì, kó sì fi ìpè Màgíríbì ṣe òpin rẹ̀. Ẹlòmíràn lè fi ìkòkò ẹ̀wà tó wà lórí iná díwọ̀n. Bí àkókò bá pé, ẹ dúró, ẹ̀ báà tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é títí ó fi dákú lónìí kò ní fẹ́ fojú kàn án lọ́la, bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ohun tó wà nínú àpò yẹn gbọ́dọ̀ jáde nílé lọ́jọ́ náà gan-an. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé àpò tó bá sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń túká padà. Ọmọ á yọ ike kan fi ṣeré, ìyá á rí agolo kan tí ó wù ú, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta àpò ti di ẹrù tuntun.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti wo Marie Kondo, obìnrin ará Japan tí ìwé rẹ̀ lókìkí káyé, tí Netflix sì fi ètò rẹ̀ hàn lọ́dún 2019. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí èèyàn kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jọ gègèrè sójú kan, kó máa mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fi èyí tó ń mú inú rẹ̀ dùn sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tí ẹrù ti bò mọ́lẹ̀ ní Ẹdẹ nímọ̀ràn pé kó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé tí èèyàn mẹ́jọ ń lo yàrá mẹ́ta, òkìtì aṣọ láàárín pálọ̀ yóò di ìdènà fún gbogbo ilé kí ó tó dalẹ́. Iná lè lọ, òjò lè dé, àlejò lè yà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìdùnnú ẹnìkan ṣoṣo kọ́ ló ń pinnu lórí ẹrù wa. Aṣọ òkè ìyá yín lè má mú inú yín dùn rárá, kó sì jẹ́ pé ẹ kò láṣẹ láti gbé e jáde. Kondo fúnra rẹ̀ sọ ní oṣù kìíní ọdún 2023 pé láti ìgbà tí òun ti bí ọmọ kẹta ni òun ti dẹ ọwọ́ lórí títo ilé, pé àkókò pẹ̀lú àwọn ọmọ ló ṣe pàtàkì sí òun báyìí. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn tu ẹnikẹ́ni tó ń bínú sí ara rẹ̀ nínú.

Ẹrù tí kò lórúkọ kò ní láti dé ààtàn tán. Àwọn tó ń ta sóbò, kúnnú àti epo ń wá ike olómi tó mọ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ kó o fún wọn. Àwọn kan ń ra ọ̀rá píọ́ wọ́tà lórí ìwọ̀n. Páálí wúlò fún àwọn tó ń patẹ ọjà. Tẹlifíṣàn tó kú, bátìrì, fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti páànù jẹ́ ti àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò, tí wọ́n ń kígbe "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù". Ẹ nájà dáadáa, wọn kì í sábà dá iye tó tọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá jẹ́ fóònù, ẹ yọ síìmù àti káàdì inú rẹ̀, ẹ sì pa àwòrán inú rẹ̀ rẹ́ bó bá ṣì ń tàn. Ẹ má ṣe fúnra yín dáná sun wáyà nítorí bàbà inú rẹ̀, ẹ má sì sun ọ̀rá ní ẹ̀yìnkùlé. Májèlé ni èéfín rẹ̀, àwọn ọmọ ló sì ń fà á símú jù. Oògùn tó ti kọjá ọjọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú páálí rẹ̀, ẹ pò ó mọ́ eérú tàbí yẹ̀pẹ̀ nínú ọ̀rá, ẹ dì í pa kí ọmọdé má baà rí i jẹ. Ohun tó bá kù, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí ni kí ẹ sanwó fún. Gọ́tà kọ́ ni ibùjókòó rẹ̀, odò Ọ̀ṣun kọ́ sì ni.

Àwọn àgbà rántí wolé-wolé, tí í wọ agbo ilé lọ yẹ àmù wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tí í sì í fi ìwé pe onílé lẹ́jọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn rántí WAI, ètò ogun lòdì sí ìwà àìlófin, tí ìjọba Buhari àti Idiagbon bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1984, tó mú ìmọ́tótó àyíká wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e, tí Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù fi di ọjọ́ ìgbálẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún gbé ètò ìmọ́tótó O'Clean dé. Gbogbo ètò wọ̀nyí ṣiṣẹ́ fún gọ́tà, koríko àti iwájú ilé. Inú ilé kù sí ọwọ́ onílé. Àbá mi ni pé ilé tó bá ti mọ́ lára láti máa ṣe ti ìta ní Sátidé yẹn, kó fi wákàtí kan kún un fún inú, nítorí pé ọjọ́ kan náà nìyẹn tí gbogbo ọwọ́ pé nílé, tí ọmọkùnrin tó lágbára sì wà láti gbé jẹnẹrétọ̀ tó kú.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà kí ẹ tó fọwọ́ kan yàrá ẹrù. Eku ń gbé ibẹ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n dá mọ̀ lọ́dún 1969 ní ìlú Lassa tó wà ní Borno, ara irú eku kan tó ń wọ inú ilé ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku náà ló sì ń kó o sára oúnjẹ àti ohun èlò. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní Ẹdẹ níbí, ní Redeemer's University, ni ibùdó ìwádìí ACEGID wà, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò Kòrónà tán nílẹ̀ Áfíríkà ní oṣù kẹta ọdún 2020, ibà Lassa sì ti wà lára iṣẹ́ wọn tipẹ́tipẹ́. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé ná kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ bo imú, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ fi ìbọ̀wọ́ tàbí ọ̀rá bo ọwọ́. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku, ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ, eruku rẹ̀ ni ewu. Ẹ da omi tí ẹ ti po Hypo mọ́ sí i, ẹ jẹ́ kó rin dáadáa, kí ẹ tó fi àkísà nù ún, kí ẹ sì ju àkísà náà nù. Igi ni kí ẹ fi tú òkìtì aṣọ àtijọ́ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, nítorí ejò àti àkeekèé. Kí iṣẹ́ náà tó parí, gàrí, èlùbọ́ àti ìrẹsì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ike onídèérí. Eku tí kò bá rí oúnjẹ àti ibi sá pamọ́ sí kò ní pẹ́ nílé.

Bí ẹ bá ti ṣe ti aláìlórúkọ fún ìgbà díẹ̀, tí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n, ó kan ẹrù tó jẹ́ orúkọ yín nìkan ló wà lára rẹ̀. Aṣọ tí ẹ fowó yín rà, bàtà yín, ìkòkò yín, ìwé yín. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ní ẹjọ́ yẹn í dá. Aṣọ tí kò gba yín mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti bí àbíkẹ́yìn, ta ni ẹ ń tọ́jú rẹ̀ dè? Télọ̀ tó dáńgájíá lè sọ léèsì àgbà méjì di aṣọ ọdún Iléyá fún ọmọ mẹ́ta. Èyí tó bá ṣì dára, tí kò sí ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi ṣe sàráà. Ohun tí èèyàn lè wọ̀ jáde ni sàráà. Aṣọ tó ti fàya lábíyá, tí ẹ kò lè fún ọmọ yín, àkísà ni, ẹ má gbé e fún aláìní.

Ìlú wa sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní. Federal Polytechnic Ẹdẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1992, máa ń kó àwọn ọmọ tuntun wá lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń gba yàrá sáàárín ìlú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílò ìkòkò méjì, sítóòfù, tábìlì kékeré, fáànù, garawa, fóòmù tó ṣì le. Ohun tó ń dí yín lọ́nà gan-an ló ń wá kiri. Ẹ sọ fún onílé tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, tàbí kí ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n bá wọlé, ẹ ó rí ẹni tó rà á ní iye tó mọ níwọ̀n, tí àdúrà á sì tẹ̀ lé e.

Ẹrù tí orúkọ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀ ló le jù. Òfin àkọ́kọ́ ni pé ẹ kò gbọdọ̀ fi ọgbọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù jáde. Ọkọ tó ti ìrìn àjò dé tí kò bá àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ìyá ọkọ tó wá agbada ìdáná ìgbà èwe rẹ̀ títí, ìjà irú wọn kì í tán bọ̀rọ̀, ẹrù tí wọ́n yóò sì kó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ yóò ju èyí tó jáde lọ. Ìbéèrè ni kí ẹ lò, bí ẹ bá sì ti bèèrè rẹ̀ ni ìdáhùn yóò ti rí. Bí ìyàwó ilé bá lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Màámi, ṣé kí n da abọ́ yìí nù?" kò sí ìyá tí yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kúnlẹ̀ tí ó ní, "Màámi, abọ́ tánganran yìí mà rẹwà o. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ yín, ta ni ẹ rò pé ó tọ́ sí?" ìyá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á nù ún, á sọ ìtàn ọjọ́ tó rà á, kí ilẹ̀ tó ṣú á ti ránṣẹ́ pe ọmọ tí yóò gbé e. Orúkọ tó dí ẹrù náà mọ́lé ló ń ṣílẹ̀kùn fún un. Èyí ni ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ jù láàárín wa, n kò sì rí i kà nínú ìwé òyìnbó kankan lórí palẹ̀mọ́.

Ọ̀nà kan náà ni ẹ lè gbà pẹ̀lú ẹ̀bùn òde. Ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún òde tó bá ṣe pàtàkì sí yín, ẹ kó ìyókù fún ibi tí wọ́n ti ń lo abọ́ púpọ̀: iléèkéwú, iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò tó ń dáná ìnáwó. Àwòrán àǹtí yín á ṣì máa bá wọn jẹun níbẹ̀. Ìyẹn sàn fún un ju ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lọ.

Ẹrù òkú, ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Kì í ṣe ti ẹnìkan, ogún ni. Lọ́dọ̀ Mùsùlùmí, bí wọ́n bá ti san gbèsè òkú tí wọ́n sì mú ohun tó sọ sílẹ̀ kí ó tó kú ṣẹ, gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, títí kan bàtà àti ìkòkò, ló ní àwọn tó ni ín. Ẹni tó bá dá nìkan pín in tàbí dá nìkan sọ ọ́ nù ti wọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Ẹ pe ẹbí jọ, ẹ ṣí bọ́kìsì lójú gbogbo wọn. Ẹ má sì ju ìwé kankan láìkà á: rìsíìtì ilẹ̀, ìwé àdéhùn, ìwé ẹ̀rí, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, ẹ wá fáìlì kan fún wọn. Ẹ ti ọwọ́ bọ gbogbo àpò agbádá àti pọ́ọ̀sì. Ní ìlú tí Tìmì Àbíbù Lágúnjú ti jọba gẹ́gẹ́ bíi Mùsùlùmí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹ kò ní ṣàì rí ewé Al-Kùránì tó ti gbó láàárín ìwé àwọn bàbá. Kò gbọdọ̀ dé ààtàn. Ẹ kó o fún àáfà àdúgbò. Wọ́n mọ bí wọ́n ti ń sin ín síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, tàbí bí wọ́n ti ń sun ún tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Lọ́dún 2017, ìyá àgbà ará Sweden kan, Margareta Magnusson, mú ìwé jáde lórí àṣà àwọn èèyàn rẹ̀: kí àgbàlagbà palẹ̀ ẹrù ara rẹ̀ mọ́ nígbà tó ṣì wà láàyè, kó má baà di wàhálà ọmọ. Bí a bá sọ ọ́ báyẹn fún àgbà Ẹdẹ, á ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ibi. Síbẹ̀, àwọn ìyá wa ń ṣe é láìfi ikú pè é. Wọ́n máa ń pe ọmọbìnrin wọn jókòó, wọ́n á ní, "Iyùn yìí, ìwọ ni o ni ín." Ẹ̀yin ìyá tí ọjọ́ ti ń lọ lórí yín, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe é nígbà tí ẹnu yín ṣì lè sọ ìtàn tó wà lára ẹrù náà. Ẹrù tí ìtàn rẹ̀ ti sọnù ló ń pọ́n ọmọ lójú jù.

Àárẹ̀ tún wà tó ju ti ẹrù lọ. Bí ẹni kan kò bá lè jẹ́ kí ohunkóhun kúrò nílé, tí àyà rẹ̀ ń já bí wọ́n bá fọwọ́ kan ọ̀rá lásán, tí kò ríbi sùn tàbí ibi dáná mọ́ nítorí ẹrù, ẹ má bú u. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti kà á sí àìsàn lọ́tọ̀ láti ọdún 2013, ó sì ní ìtọ́jú. Bákan náà ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí gbogbo nǹkan sì dojú rú fún. Irú wọn ń fẹ́ ẹni tí yóò bá wọn jókòó, ìgbà mìíràn wọ́n sì ń fẹ́ dókítà, kí wọ́n tó mẹ́nu ba ìgbálẹ̀ rárá.

Fún ẹ̀yin yòókù, mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró de ìgbà tí ẹ ó ráyè gbogbo yàrá. Lónìí, lẹ́yìn Aláásárì, ẹ tú ọ̀rá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ìdáná yín, ẹ ṣẹ́ márùn-ún tó lágbára kù nínú rẹ̀ fún ọjà, ẹ kó ìyókù àti gbogbo ike tó ti sán sínú àpò ìrẹsì kan, kí ẹ sì gbé e jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.